Kókó Ọpọlọ Tó Tún Wú Lẹ́yìn Ìtànṣán: Ìgbà Wo Ni Iṣẹ́ Abẹ Kàn?

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló gba ọ̀pọ̀ lẹ́tà yín: jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn lára, tó ràn dé ọpọlọ, tí wọ́n ti fi ìtànṣán tọ́jú, àmọ́ tí àwòrán tuntun tún ní ó ń tóbi. A ti yọ orúkọ kúrò, a sì gé àwọn lẹ́tà náà kúrú.

ÌBÉÈRÈ, láti Ìbàdàn
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá wa, ẹni ọdún 58, ni jẹjẹrẹ ọmú mú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ràn dé ọpọlọ wọn, kókó kan ṣoṣo. India la gbé wọn lọ ní oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn, wọ́n sì fún wọn ní ìtànṣán ẹlẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ kókó náà. MRI tí a ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá ní ó ti tóbi sí i. Dókítà kan ní jẹjẹrẹ ló jí padà, èkejì ní ìtànṣán fúnra rẹ̀ ló fa wíwú. Ta ni ká gbà gbọ́?

ÌDÁHÙN
Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Àwọn dókítà méjèèjì lè jàre, kódà lórí kókó kan náà. Ìtànṣán tí wọ́n kó jọ sójú kan máa ń pa jẹjẹrẹ, àmọ́ ó tún lè ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú ẹran ọpọlọ tó wà nítòsí jẹ́. Bí òpó wọ̀nyẹn bá ń jò, omi á máa rọ sínú ọpọlọ, ẹran ibẹ̀ á kú díẹ̀díẹ̀, ibẹ̀ á sì wú. Oògùn contrast tí wọ́n ń fa sí iṣan aláìsàn nígbà MRI á jò síbẹ̀ bó ṣe ń jò sínú jẹjẹrẹ gan-an. Ìdí nìyẹn tí àwòrán méjèèjì fi jọra bí ìbejì. Oṣù 6 sí oṣù 24 lẹ́yìn ìtọ́jú ni ẹran tí ìtànṣán pa yìí máa ń yọjú jù, nítorí náà oṣù mẹ́sàn-án ti ìyá yín kò tíì dá ẹnikẹ́ni láre.

Kí ẹ tó náwó sí MRI míì, ẹ wá ìwé ìtànṣán láti India. Ẹ kọ̀wé sí ilé ìwòsàn náà kí wọ́n fi nǹkan wọ̀nyí ránṣẹ́: ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, iye Gy tí wọ́n fún kókó náà (Gy ni òṣùwọ̀n ìtànṣán), bó ṣe tóbi tó lọ́jọ́ náà, àti bí ẹran ọpọlọ tó gba Gy 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe pọ̀ tó. Bí ti ìkẹyìn yìí bá ti kọjá nǹkan bíi mílílítà 10, ewu pé ìtànṣán ló pa ẹran ibẹ̀ ti ga nìyẹn. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ibùdó ń tẹ̀ lé wá láti inú ìwádìí Amẹ́ríkà kan tó jáde ní 2000: Gy 24 fún kókó tí kò ju mílímítà 20 lọ, Gy 18 fún mílímítà 21 sí 30, Gy 15 fún 31 sí 40. Bí kókó bá ṣe ń tóbi ni ìwọ̀n ń dín kù, torí ẹran ọpọlọ tó ń jẹ nínú rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Èyí ló fà á tí kókó ńlá fi máa ń jí padà ju kékeré lọ: ìwọ̀n tó gbà kò le tó. Ẹ tún sọ fún dókítà bí ìyá bá ti gba abẹ́rẹ́ T-DM1 (oògùn jẹjẹrẹ ọmú kan), tàbí èyíkéyìí nínú àwọn oògùn tó ń ru agbára ìdáàbòbò ara sókè, torí àwọn náà lè jẹ́ kí ibi tí ìtànṣán kàn wú.

Ní ti àwòrán, MRI lásán kò tó. Ẹ béèrè fún èyí tó ń wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn gba inú kókó kọjá. Ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ nínú jẹjẹrẹ tó wà láàyè, ó sì máa ń kéré nínú ẹran tó ti kú. Òmíràn wà tó ń wọn èròjà inú kókó náà. Irú àwòrán míì, PET, èyí tó ń lo amínò ásíìdì, tún dára jù wọ́n lọ níbi tí ó bá wà, ṣùgbọ́n PET onísúgà tó wọ́pọ̀ kì í tan ìmọ́lẹ̀ tó, torí ọpọlọ fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀jẹun súgà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í ṣì í. Ẹ kó gbogbo àwòrán àtẹ̀yìnwá jọ sórí CD, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Àwòrán tí ẹ fi fóònù yà lára fíìmù, tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kò ṣeé fi ṣèpinnu.

Bí orí kò bá fọ́ ìyá, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ó dára kí ẹ dúró ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kí ẹ sì tún un yà lórí ẹ̀rọ kan náà. Wíwú tí ìtànṣán fà lè dúró, ó sì lè sún kì. Jẹjẹrẹ kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí oògùn. Bí ó bá ń tóbi sí i, tàbí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í da ara wọn láàmú, ìgbà náà ni iṣẹ́ abẹ wọ ọ̀rọ̀. Ó máa mú ohun tó ń tẹ ọpọlọ kúrò, ẹran tí wọ́n bá sì gé ló máa parí àríyànjiyàn àwọn dókítà yín. Dókítà tó bá fi àwòrán ẹyọ kan sọ pé ó dá òun lójú, ẹ lọ gbọ́ tẹnu ẹlòmíràn.

ÌBÉÈRÈ, láti Abẹ́òkúta
Bàbá mi jẹ́ ẹni ọdún 66, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni. Kókó mẹ́rin ni wọ́n rí nínú ọpọlọ wọn, wọ́n sì fi ìtànṣán sí gbogbo orí wọn fún ọjọ́ mẹ́wàá ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Mẹ́ta ti sún kì, ṣùgbọ́n ọ̀kan lọ́wọ́ ìpàkọ́ ti tóbi. Bàbá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá dìde, wọ́n sì ń bì láràárọ̀. Dókítà ní àwọn kò ní ṣiṣẹ́ abẹ torí pé kókó ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní Houston ní ká má gbà.

ÌDÁHÙN
Ẹ kọ́kọ́ gbé bàbá lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kí ẹ tó ka ìyókù ìdáhùn yìí. Kókó tó wà lọ́wọ́ ìpàkọ́ lè dí ọ̀nà tí omi ọpọlọ ń gbà kọjá. Èébì òwúrọ̀ àti ìtagọ̀ọ́gọ̀ọ́ jẹ́ àmì pé ó ti ń dí i. Bí oorun bá wá ń kùn wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wákàtí ló kù. Wọ́n á ya CT, wọ́n á fún wọn ní dexamethasone, oògùn tó ń mú wíwú ọpọlọ lọ sílẹ̀, wọ́n sì lè ní láti kọ́kọ́ wá ọ̀nà àbáyọ fún omi náà.

Nípa iye kókó: mẹ́rin nìkan kọ́ ni ìdí tó tó láti kọ̀. Nígbà tí mẹ́ta bá ti gbọ́ ìtọ́jú, tí ẹyọ kan sì ń fẹ́ pani, wọ́n lè yọ ẹyọ náà. Ohun tí àwa máa ń wò kí a tó gbà ni ipò jẹjẹrẹ náà nínú ẹ̀dọ̀fóró àti níbòmíràn lára. Ṣé ó dúró, àbí ó ń sáré? Bí ó bá ń sáré, ṣé oògùn kan kù tó lè dá a dúró? Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò ní gbé e dé oṣù mẹ́ta kò yẹ kó lo oṣù kan nínú rẹ̀ láti wo ọgbẹ́ orí sàn. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti yẹ jẹjẹrẹ náà wò fún EGFR àti ALK (àyípadà nínú àbùdá, ìyẹn gene, jẹjẹrẹ náà), torí àwọn tó bá ní ọ̀kan nínú wọn lè lo oògùn oníhóró tó ń wọ ọpọlọ. Osimertinib ni àpẹẹrẹ ti EGFR.

A tún máa ń wo bí agbára rẹ̀ ṣe tó. Àwọn dókítà ní òṣùwọ̀n kan tó lọ láti 0 dé 100, Karnofsky ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó lè wẹ̀, tó lè wọṣọ, tó ń jẹun fúnra rẹ̀, bí kò tilẹ̀ lè lọ síbi iṣẹ́, wà ní 70. Láti 70 lọ sókè ni iṣẹ́ abẹ ti máa ń mérè wá jù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni pé wọ́n á wọn aláìsàn lọ́jọ́ tó dé, tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì wú, wọ́n á kọ 40 sílẹ̀, wọ́n á sì ti ìwé pa. Ẹ ní kí wọ́n fún bàbá ní dexamethasone fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí wọ́n wá tún un wọ̀n. Ọ̀pọ̀ tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ló máa ń jókòó jẹ àmàlà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Bí wíwú bá lọ tí agbára padà, kókó yẹn ló gbé wọn dè, yíyọ rẹ̀ sì máa ṣe wọ́n láǹfààní.

Àwọn kan máa ń mẹ́nu ba ìwádìí Patchell ti 1990 láti fi gbe iṣẹ́ abẹ lẹ́yìn. Lóòótọ́, àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí wọ́n sì tún fún ní ìtànṣán, ìdajì wọn gbé ju ọ̀sẹ̀ 40 lọ, ìdajì àwọn tó gba ìtànṣán nìkan sì gbé ju ọ̀sẹ̀ 15 lọ. Ṣùgbọ́n ènìyàn 48 péré ló wà nínú rẹ̀, kókó kan ṣoṣo ni olúkúlùkù wọn ní, ìtọ́jú àkọ́kọ́ sì ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí ìtànṣán ti já kulẹ̀ fún. Kí ẹ̀gbọ́n yín má fi iye yẹn ṣírò ọjọ́ bàbá.

Ìgbà tí a kì í gbà rárá: bí jẹjẹrẹ bá ti wọ inú omi ọpọlọ tó ń bo gbogbo ojú ọpọlọ, bí kókó tó ń dàgbà bá pọ̀ tí kò sí èyí tó ń fa wàhálà ju èkejì lọ, tàbí bí ó bá wà ní gbòǹgbò ọpọlọ tó ń darí èémí. Nígbà náà, ẹ béèrè fún ìtọ́jú amáratuni. UCH ní ẹ̀ka kan fún un. Iṣẹ́ dókítà gidi ni, ẹ má ṣe rí i bíi pé wọ́n lé yín sílé.

ÌBÉÈRÈ, láti Lagos
Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń ṣe gan-an nínú tíátà? Ọkọ mi ti gba ìtànṣán ní orí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rù sì ń bà mí ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

ÌDÁHÙN
A ó sọ ọ́ bó ṣe rí, ìyá wa, torí ohun téèyàn bá mọ̀ kì í dẹ́rù bani tó èyí tó fara sin.

Ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ sọ gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò, àgbo náà pẹ̀lú. Aspirin gbọ́dọ̀ ti dúró ní nǹkan bí ọjọ́ méje ṣáájú. Àgbo tí a kò mọ ohun inú rẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dì, nítorí náà kí wọ́n dá a dúró láti ọjọ́ tí ẹ bá ka èyí. Bí wọ́n bá ti gba abẹ́rẹ́ bevacizumab, ọjọ́ 28 gbọ́dọ̀ ti kọjá, torí kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ jiná. Wọ́n á ní kí ẹbí wá ẹ̀jẹ̀, pọ́ńtì méjì sábà máa ń tó. Ẹ tètè wá a, torí àìrí ẹ̀jẹ̀ lè mú kí wọ́n sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Oúnjẹ dúró wákàtí 6 ṣáájú, omi lásán dúró wákàtí 2.

Nínú tíátà, dókítà akunnilóorun á kùn wọ́n lóorun. Àfi bí kókó bá wà nítòsí ibi tó ń darí ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n lè jí wọn láàárín, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Wọ́n á fi ìdè onírin tó ní ṣónṣó mẹ́ta di orí mú kí ó má mì. Àpá kéékèèké mẹ́ta tí ẹ máa rí lẹ́yìn náà ibẹ̀ ló ti wá. Wọ́n á so MRI pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń tọ́ka ibi tí ọ̀pá oníṣẹ́ abẹ wà nínú orí, bí máàpù orí fóònù ṣe ń tọ́ka ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ antibáyótíìkì á wọlé láàárín wákàtí kan ṣáájú kí ọ̀bẹ tó kan awọ. Wọ́n á tún fa mannitol sí iṣan kí ọpọlọ lè rọ̀, gíráàmù 0.5 sí 1 fún kílò kan. Ẹni kílò 70 á gba mílílítà 175 sí 350 ti mannitol 20%. Ó ń fa ìtọ̀ púpọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí rọ́bà ìtọ̀ lára wọn.

Ibi tí ìtànṣán ìṣáájú ti máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ni awọ orí. Awọ tó ti gba ìtànṣán lẹ́ẹ̀mejì ti fẹ́lẹ́, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀ dáadáa, kì í sì í tètè jiná. Oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́ kì í gé e tààrà lórí ibi tí ìtànṣán gbà wọlé bí ó bá lè yà á. Á gé e kí ìdí rẹ̀ fẹ̀, kí òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ máa wà lódindi. Ó tọ́ kí ẹ bi í léèrè ṣáájú pé, “Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ máa gé?”

Lẹ́yìn awọ, wọ́n á lu ihò kan tàbí méjì sí eegun, wọ́n á fi ayùn kékeré rẹ́ eegun náà yípo, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ni awọ tó bo ọpọlọ wà. Nínú orí tí ìtànṣán ti kàn, ó lè lẹ̀ mọ́ eegun, kí ó ya bí wọ́n ṣe ń gbé eegun, wọ́n á sì ní láti lẹ̀ ẹ́ kó tó di pé wọ́n pa orí dé. Kókó tuntun tí ìtànṣán kò tíì kàn sábà máa ń yà kúrò lára ọpọlọ geere. Èyí tí ìtànṣán ti kàn kì í rí bẹ́ẹ̀. Ó le, ó ní àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ ìyeyè, òpó ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ nípọn, ààlà rẹ̀ kò sì hàn. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì fi ń pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu. Bí àyè bá gbà wọ́n, odidi ni wọ́n á yọ ọ́. Bí wọ́n bá ń gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, pàápàá lọ́wọ́ ìpàkọ́, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè ta sínú omi ọpọlọ kí ó máa gbinlẹ̀ níbòmíràn.

Bí wọ́n bá ti dá ẹ̀jẹ̀ dúró, wọ́n á rán awọ ọpọlọ pa, wọ́n á dá eegun padà, wọ́n á fi páànù titanium kéékèèké kàn án mọ́ àyè rẹ̀, wọ́n á sì rán awọ orí. Titanium kò ní dí MRI lọ́wọ́.

Alẹ́ àkọ́kọ́ ló ṣe kókó jù. Nọ́ọ̀sì á máa jí wọn ní wákàtí-wákàtí, á ní kí wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, á tan iná sí ojú wọn. Ẹ má bínú sí i pé kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Ẹ̀jẹ̀ tó bá máa dà sínú ibi tí wọ́n gé, láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ ló sábà máa ń jẹ́, oorun àsùnjù sì ni àmì àkọ́kọ́ rẹ̀. MRI láti mọ ohun tó ṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ wáyé kí wákàtí 48 tó pé, kí ó má sì kọjá wákàtí 72 rárá. Bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àpá iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gba contrast, kò sì ní sẹ́ni tó máa mọ èyí tí í ṣe jẹjẹrẹ mọ́.

Iṣẹ́ kan wà tí ẹbí ń ṣe nínú ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa: ẹ̀yin ni wọ́n máa gbé ike ẹran tí wọ́n gé fún pé kí ẹ gbé e lọ sí láàbù. Ẹ wo ike náà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Formalin 10% ló gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, kì í ṣe omi lásán tàbí omi iyọ̀, kí ó sì tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà. Orúkọ ọkọ yín, nọ́ńbà fáìlì, àti aago tí ẹran wọ formalin gbọ́dọ̀ wà lára ike, kì í ṣe lára ìdérí tí wọ́n lè pààrọ̀. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ gbé e débẹ̀. Fún jẹjẹrẹ ọmú, ẹran tó bá wà nínú formalin ju wákàtí 72 lọ tàbí tí kò tó wákàtí 6 lè fún wọn ní èsì HER2 (èròjà ojú sẹ́ẹ̀lì tó ń tọ́ka oògùn tó bá a mu) tí kì í ṣe òótọ́.

ÌBÉÈRÈ, láti Ilé-Ifẹ̀
Dexamethasone ti jẹ́ kí ojú ìyàwó mi wú, kò sì jẹ́ kó sùn. Ṣé mo lè dá a dúró?

ÌDÁHÙN
Ẹ má dá a dúró lójijì. Ara tó ti lò ó ju ọ̀sẹ̀ méjì-mẹ́ta lọ ti gbàgbé bí ó ṣe ń ṣe irú èròjà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ìfúnpá rẹ̀ lè já wálẹ̀, ọpọlọ sì lè tún wú. Dókítà ló ń dín in kù ní ìpele-ìpele. Ní ti oorun, kí ó lo ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán, kí ìkẹyìn má ju aago méjì lọ.

Ẹ tún ṣọ́ra fún èyí. Hóró dexamethasone tó wọ́pọ̀ ní kẹ́míìsì wa jẹ́ mílígíráàmù 0.5. Òmíràn jẹ́ 4. Ẹni tí wọ́n ní kó lo mílígíráàmù 8 lójúmọ́, tó lọ ra 0.5 tó sì ń lo méjì, kò gba nǹkan kan. Mílígíráàmù ni kí ẹ máa kọ sílẹ̀, ẹ má kọ iye hóró. Ẹ máa wọn súgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kódà bí kò bá ní àtọ̀gbẹ rí. Bí kò bá lè dìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì í, oògùn náà ti ń jẹ ẹran itan rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà.

Bí gìrì bá mú un, ẹ dà á délẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ wo aago. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ilé ìwòsàn. Ẹni tí kò tíì ní gìrì rí kò nílò oògùn rẹ̀ títí ayé nítorí pé ó ní kókó lásán.

ÌBÉÈRÈ, láti Peckham, London
Wọ́n yọ kókó tó tún tóbi lẹ́yìn Gamma Knife (ìtànṣán tí wọ́n kó jọ sójú kan) nínú orí màmá mi. Èsì láàbù ní ẹran tó kú ló pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ṣé òfo ni iṣẹ́ abẹ náà? Mọ̀lẹ́bí wa ní Amẹ́ríkà tún ń sọ nípa páálí kan tó ń tú ìtànṣán jáde láti inú orí.

ÌDÁHÙN
Kì í ṣe òfo. Àdàlù yẹn ló wọ́pọ̀ jù lẹ́yìn ìtànṣán. Bí màmá bá ti bọ́ lọ́wọ́ dexamethasone, tí orí fífọ́ lọ, èrè iṣẹ́ abẹ náà ti wà lọ́wọ́ yín. Ohun tó kù ni kí ẹ béèrè ní ìpàdé àwọn dókítà tó ń bójú tó wọn: ṣé sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́ kù yẹn ń pọ̀ sí i, àbí ó wà níbẹ̀ ṣáá? Èsì láàbù máa ń sọ ọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òkú ẹran, ọ̀pọ̀ ibùdó á máa fi MRI ṣọ́ ọ ní oṣù méjì-mẹ́ta síra láìfi ìtànṣán kún un. Bí jẹjẹrẹ tó ń dàgbà bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Nínú ìwádìí Mahajan ti 2017, lára àwọn tí wọ́n kàn yọ kókó wọn láìfi nǹkan kan kún un, ìdá 43 nínú 100 ni kò tíì padà sójú kan náà lẹ́yìn ọdún kan. Lára àwọn tó gba ìtànṣán sí ihò náà, ìdá 72 ni. Ọpọlọ àwọn yẹn kò tíì gba ìtànṣán rí, ti màmá ti gbà á. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ nìyẹn: ìtànṣán kejì lórí ibi kan náà lè tún pa ẹran míì.

Páálí tí mọ̀lẹ́bí yín ń sọ ni GammaTile, kolájìn tí wọ́n ki hóró cesium-131, èròjà tó ń tú ìtànṣán jáde, bọ̀. Oníṣẹ́ abẹ á tẹ́ ẹ sí ògiri ihò kó tó pa orí dé. Agbára rẹ̀ ń dín sí ìdajì ní bí ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá, ìtànṣán rẹ̀ kì í sì í rìn jìnnà. FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ ọpọlọ tó padà ní 2018. Inú iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti ń tẹ́ ẹ, nítorí náà ti màmá ti kọjá. Kò sí ìdí láti tún orí ṣí nítorí rẹ̀.

Bí ọmú ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tún ER àti PR (ibi tí hómóònù ń so mọ́ lára sẹ́ẹ̀lì) àti HER2 yẹ̀ wò lára ẹran ọpọlọ náà. Ó lè yàtọ̀ sí ti ọmú. Bí èsì bá wá fi hàn pé HER2 wà níbẹ̀ nísinsìnyí, ó lè ṣí ọ̀nà sí oògùn bíi tucatinib tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ.

ÌBÉÈRÈ, láti Òṣogbo
Ọjọ́ kẹrìndínlógún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ rèé, omi kan tó mọ́ gaara ń ro láti ojú ọgbẹ́ bàbá wa. Kì í ṣe ọyún. Ẹnì kan ní ká da ẹ̀tù Ampiclox sí i.

ÌDÁHÙN
Ẹ má da nǹkan kan sí i: Ampiclox ò, òrí ò, ẹ̀tù kankan. Omi tó mọ́ gaara lójú ọgbẹ́ orí, omi ọpọlọ ni títí dókítà á fi sọ pé kì í ṣe òun. Ọ̀nà tí ó gbà jáde ni kòkòrò máa gbà wọlé. Ẹ fi gọ́ọ̀sì mímọ́ bò ó, ẹ jẹ́ kí orí wọn ga lórí ìrọ̀rí, kí ẹ gbé wọn padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣiṣẹ́ abẹ náà lónìí. Bí ara bá gbóná, tí ọrùn le, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń pa pọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn tó bá súnmọ́ yín jù ni. Wọ́n lè tún un rán, wọ́n sì lè fi rọ́bà fa omi láti ẹ̀yìn fún ọjọ́ díẹ̀ kí ibẹ̀ lè dì.

Awọ tí ìtànṣán ti kàn sábà máa ń ya láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, nígbà tí wọ́n bá tètè tú òwú. Ọjọ́ 10 sí 14 ni ti awọ lásán. Ti irú bàbá yín, tó tún ń lo dexamethasone, ó yẹ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

ÌBÉÈRÈ, láti Manchester
Ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọkọ mi. Ó fẹ́ wakọ̀, ó sì fẹ́ wá sí Lagos fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀.

ÌDÁHÙN
Wíwakọ̀, rárá. Òfin ní kí ó sọ fún DVLA, àjọ tó ń bójú tó ìwé àṣẹ ìwakọ̀, kí ó má sì fọwọ́ kan sítẹ́ríǹ kí wọ́n tó fún un láyè. Ìjàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, ilé iṣẹ́ adójútòfò lè má san án.

Ní ti ọkọ̀ òfuurufú, afẹ́fẹ́ máa ń há sínú orí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó sì ń fẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti gòkè. Kí ó dúró kí ó ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, kí CT sì fi hàn pé kò sí afẹ́fẹ́ mọ́. Ẹ gba lẹ́tà tó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ, torí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ máa béèrè. Kí dexamethasone àti oògùn gìrì wà nínú àpò ọwọ́, kì í ṣe nínú àpótí tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Kí ó máa dìde rìn ní wákàtí-wákàtí, torí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní jẹjẹrẹ tètè ń dì ní ẹsẹ̀. Bí ọjọ́ ìgbéyàwó bá bọ́ ṣáájú CT yẹn, kí wọ́n fi fídíò fóònù gbé e wọ gbọ̀ngán.